Àwòrán Sátẹ́láìtì fún Ṣíṣọ́ Igi Tó Ń Gba Ilẹ̀ Ìjẹko Gbígbẹ: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Yàn

Igi kì í gba ilẹ̀ ìjẹko lọ́jọ́ kan. Igi kúkúrú, tó sábà máa ń jẹ́ ẹlẹ́gùn-ún, á hù níhìn-ín, òmíràn á hù lọ́hùn-ún, títí ẹran kò fi ní rí àyè kọjá láàárín wọn mọ́, tí koríko abẹ́ wọn á sì tán. Ohun tó ń fà á ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹran bá pọ̀ jù lórí ilẹ̀, koríko kì í lè bá igi du omi mọ́. Iná tó máa ń pa ọmọ igi kì í sì í jó déédéé bíi ti àtijọ́ níbi tí koríko ti tín-ín-rín tàbí tí a ti ń pa iná. Ẹran fúnra rẹ̀ máa ń gbé hóró igi bíi Prosopis kiri nínú ìgbẹ́ rẹ̀, carbon dioxide tó ń pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ sì ń ran igi lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ koríko ilẹ̀ olóoru lọ. Ní Namibia, Senegalia mellifera àti Dichrostachys cinerea ló gbajúmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Baringo ní Kenya àti ní Afar ní Ethiopia, Prosopis juliflora ni. Ní Texas àti New Mexico, mesquite, ìbátan Prosopis yẹn, ni.

Ẹni tó ń da ẹran lórí ilẹ̀ náà lójoojúmọ́ lè má tètè fura, nítorí pé ohun tó gba ogún ọdún kí ó tó ṣẹlẹ̀ kì í hàn láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Sátẹ́láìtì wúlò níbí, torí pé ó ń wo ojú ilẹ̀ kan náà láti òkè, ní ọ̀nà kan náà, lọ́dọọdún. Àmọ́ sátẹ́láìtì pọ̀, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Èrò tèmi, tí gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé lórí, ni pé ọjọ́ tí a ya àwòrán àti iye ọdún tó wà nínú àkójọ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí àwòrán náà ṣe mọ́ tó lọ. Ẹni tó bá fi mímọ́ nìkan yàn yóò sábà náwó sórí ohun tí kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Igi kan nínú píkísẹ́lì kan

Ẹ jẹ́ kí a mú igi kan tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3 láti etí kan dé èkejì. Ilẹ̀ tí irú igi bẹ́ẹ̀ bò jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 7. Píkísẹ́lì ni ẹyọ onígun mẹ́rin tó kéré jù lọ nínú àwòrán. Ti Landsat, sátẹ́láìtì ìjọba Amẹ́ríkà, jẹ́ mítà 30 sí mítà 30, èyí tí í ṣe mítà onígun mẹ́rin 900, nítorí náà igi wa kò tó ìdá 1 nínú 100 rẹ̀. Píkísẹ́lì Sentinel-2, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù, tó dára jù jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, igi náà sì jẹ́ ìdá 7 nínú 100 níbẹ̀. Nínú àwòrán PlanetScope, tí ilé-iṣẹ́ Planet ń tà, tí píkísẹ́lì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 3, igi náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kún píkísẹ́lì kan, bí ó bá ṣe kòńgẹ́ àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ni yóò pín sáàárín píkísẹ́lì mẹ́rin. Inú àwòrán tí píkísẹ́lì rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà nìkan ni igi náà ti máa ní bíi píkísẹ́lì 28, tí a ó sì rí i gẹ́gẹ́ bí igi, pẹ̀lú òjìji rẹ̀.

Ohun tí ìṣirò yìí ń kọ́ wa ni pé Landsat àti Sentinel-2 kò lè bá wa ka igi. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n sọ ìdá ilẹ̀ tí igi bò nínú píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ibi tí agbára wọn mọ. Kí a sọ pé NDVI, òṣùwọ̀n tó ń fi ìtànṣán pupa tí ewé ń gbé mì wé ìtànṣán infrared (tí ojú ènìyàn kò lè rí) tí ewé ń dá padà, jẹ́ 0.20 lórí ilẹ̀ tí koríko rẹ̀ ti gbẹ, kí ó sì jẹ́ 0.60 lórí igi tútù. Igi kan ṣoṣo nínú píkísẹ́lì Sentinel-2 yóò gbé iye náà láti 0.20 dé bíi 0.23. Ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kò ju èyí tí eruku ojú ọ̀run tàbí ìtẹ̀sí oòrùn lè dá sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ohun tí a ń wá bá jẹ́ igi àkọ́kọ́ tó wọ ilẹ̀ tó mọ́, kí a tètè hú u kí ó tó ní ọmọ, a ò gbọdọ̀ gbára lé àwòrán mítà 10 tàbí mítà 30. Bí ó bá jẹ́ bí igi ṣe ń pọ̀ sí i láti ìdá 10 dé ìdá 40 nínú 100 lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ni, àwọn méjèèjì tó.

Ọjọ́ tí a ya àwòrán

Bí mo bá ní àǹfààní láti tẹnu mọ́ ohun kan ṣoṣo fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni àsìkò. Nígbà òjò, koríko àti igi a jọ tutù yọ̀yọ̀, àwòrán tó mọ́ jù lọ láyé kò sì ní fi ìrọ̀rùn yà wọ́n sọ́tọ̀ bí a bá fi àwọ̀ ewé nìkan ṣe é. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, koríko á gbẹ, nígbà tí igi, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rìn jìnnà sísàlẹ̀, á ṣì máa mu omi tí koríko kò lè dé. Láàárín àkókò yẹn, ewé tútù tí sátẹ́láìtì bá rí lórí ilẹ̀ ìjẹko sábà máa ń jẹ́ ti igi.

Àkókò náà kì í gùn, kò sì bá ara mu fún igi gbogbo. Prosopis juliflora máa ń tutù fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, nítorí náà àárín ẹ̀ẹ̀rùn dára fún un. Senegalia mellifera a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá sì dúró dìgbà tí ilẹ̀ gbẹ táútáú kò ní rí i mọ́. Fún irú rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ, tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú òjò, nítorí pé ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn máa ń rúwé kí koríko tó jí. Kí ẹnikẹ́ni tó yan sátẹ́láìtì, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn darandaran ibẹ̀ léèrè oṣù tí koríko ń gbẹ àti oṣù tí igi ń wọ́wé. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ìwé lọ.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe yí ìfiwéra padà. Ká ní àkókò tó yẹ jẹ́ 40 ọjọ́. Landsat kan ṣoṣo, tó ń padà sórí ilẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ 16, yóò fún wa ní àwòrán méjì tàbí mẹ́ta. Landsat 8 àti Landsat 9 tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí ń fún wa ní bíi márùn-ún. Sentinel-2 méjì, tí wọ́n ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 5, ń fún wa ní mẹ́jọ. PlanetScope ń ya á lójoojúmọ́, tàbí kí ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Bí eruku tàbí kùrukùru bá ba ìdajì àwọn àwòrán náà jẹ́, ẹni tó gbára lé Landsat kan lè pàdánù ọdún odidi, ẹni tó ní Sentinel-2 kò sì ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀.

Landsat lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sentinel-2

Àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa yàn láàárín wọn, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì dé gbogbo ilẹ̀ ayé.

Agbára Landsat wà nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ọdún 1972 ni èyí àkọ́kọ́ gòkè, pẹ̀lú àwòrán tó rí nǹkan bíi mítà 80. Àwòrán mítà 30 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Landsat 4 ní 1982, Landsat 5 sì ṣiṣẹ́ láti 1984 títí di 2013. Láti 2008 ni gbogbo àkójọ náà ti di ọ̀fẹ́. Igi ń gba ilẹ̀ láàárín ogún sí ogójì ọdún, kò sì sí àkójọ mìíràn tó lè fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ hàn wá ní mítà 30. Àmọ́ kí a má ṣe rò pé àkójọ náà kún fọ́fọ́ níbi gbogbo. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà kò ní ju àwòrán bí mélòó kan lọ. Ẹ̀rọ kan nínú Landsat 7 bàjẹ́ ní May 31, 2003, láti ìgbà náà ni àwòrán rẹ̀ sì ti ní ìlà òfìfo tó gba bíi ìdá 22 nínú 100 gbogbo àwòrán. Ọdún 2012 kò ní ju Landsat 7 oníhò yìí lọ, nítorí pé kámẹ́rà Landsat 5 ti dákẹ́ ní òpin 2011, Landsat 8 kò sì tíì gòkè. Ẹni tó bá rí i pé igi “dínkù” lójijì ní 2012, kí ó wo ìlà òfìfo wọ̀nyẹn kó tó gbà á gbọ́.

Sentinel-2 bẹ̀rẹ̀ ní 2015, èkejì rẹ̀ sì gòkè ní 2017. Àwọ̀ mẹ́rin ni ó ń yà ní mítà 10, èyí tí ìtànṣán pupa àti infrared tí NDVI nílò wà nínú rẹ̀. Ó tún ń ya àwọn mìíràn ní mítà 20, tí wọ́n kan ibi tí pupa ti ń bá infrared pàdé. Ibi pàdé yìí máa ń ṣèrànwọ́ láti ya ewé igi kan sọ́tọ̀ sí ti òmíràn, ohun tí Landsat kò ní. Fún ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ “kí ni ó ti ń ṣẹlẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ni ó sì máa ṣẹlẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ?”, èmi yóò mú Sentinel-2 láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí àwọn àgbà ń sọ pé koríko kún nígbà èwe wọn rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, Landsat ni.

Àwọn méjèèjì ń ya ìtànṣán infrared tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti èyí tí NDVI ń lò lọ, tí a mọ̀ sí SWIR, èyí tó ṣe pàtàkì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. NDVI kò mọ ìyàtọ̀ láàárín koríko gbígbẹ àti yẹ̀pẹ̀ lásán, bí yẹ̀pẹ̀ bá sì yí àwọ̀ padà láti pupa sí funfun, iye NDVI á yí padà láìjẹ́ pé ewé kankan kúrò. Ìyẹn ló mú kí olùwádìí kan, Huete, gbé SAVI jáde ní 1988, òṣùwọ̀n tó ń dín agbára yẹ̀pẹ̀ lórí iye náà kù. Síbẹ̀, ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù ni kí a pín píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta: ewé tútù, koríko gbígbẹ àti yẹ̀pẹ̀. SWIR ló ń jẹ́ kí ìpín kejì yà kúrò lára ìpín kẹta, láìsí i sì ni a óò máa pe ilẹ̀ tí koríko gbígbẹ ṣì bò ní aṣálẹ̀.

Bí a bá fẹ́ lo àwọn méjèèjì pọ̀, kí a ṣọ́ra fún ohun méjì nínú nọ́ńbà wọn. Láti January 25, 2022, nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì Sentinel-2 tuntun ti ní àfikún 1000, tí a gbọ́dọ̀ yọ kúrò kí a tó pín in sí 10000. Ẹni tí kò bá yọ ọ́ yóò rí i pé ewé gbogbo pápá rẹ̀ dínkù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ti Landsat, nínú àkójọ rẹ̀ tí à ń pè ní Collection 2, ni a ń sọ di ìlọ́po 0.0000275, tí a sì ń yọ 0.2 kúrò lẹ́yìn náà. Àkójọ HLS ti NASA, tó ti so àwọn méjèèjì pọ̀ ní mítà 30, máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà 10 Sentinel-2 á sọnù nínú rẹ̀.

Àwòrán tó ń fi igi kọ̀ọ̀kan hàn

WorldView-2, sátẹ́láìtì ilé-iṣẹ́ aládàáni tó gòkè ní 2009, ń ya àwòrán dúdú-àti-funfun ní bíi sẹ̀ǹtímítà 46, WorldView-3 ti 2014 sì ń yà á ní bíi sẹ̀ǹtímítà 31. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, a lè ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì wọn orí wọn. Owó wọn pọ̀, ọjọ́ tí a yà wọ́n kì í sì í bára mu láti ọdún kan sí èkejì. Kámẹ́rà wọn tún máa ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, débi tí òjìji igi fi lè gùn ju igi lọ. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ka àwọ̀ dúdú lásán yóò ka òjìji mọ́ igi.

Nítorí ìdí wọ̀nyí, kí a má ṣe rà wọ́n fún gbogbo pápá. Kí a rà wọ́n, tàbí kí a wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Google Earth níbi tó bá ti wà, fún àwọn ojú ibi díẹ̀ tí a fi kèké yàn, kí a ka igi níbẹ̀, kí a sì fi iye náà kọ́ Sentinel-2 tàbí Landsat bí igi ṣe rí. Ọ̀nà yìí ló ń mú kí owó kékeré ṣe iṣẹ́ ńlá. PlanetScope dúró láàárín: ó mọ́ ju Sentinel-2 lọ, ó sì ń padà lójoojúmọ́, àmọ́ kò ní SWIR, àwọn sátẹ́láìtì kéékèèké tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í rí àwọ̀ bákan náà délẹ̀délẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tóbi, tó ní owó, tó sì fẹ́ mú ọjọ́ kan pàtó tí igi rúwé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àwòrán sátẹ́láìtì amí Corona ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n yà láti 1960 sí 1972, ti kúrò nínú àṣírí láti 1995, èyí tó mọ́ jù nínú rẹ̀ sì súnmọ́ mítà 2. Dúdú-àti-funfun ni, a sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ mú un bá máàpù òní mu, ṣùgbọ́n ó ń fi ilẹ̀ ìjẹko hàn kí Landsat kankan tó gòkè. Níbi tí ó bá ti wà, mo kà á sí ìṣúra.

Rédà, àti MODIS

Rédà Sentinel-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó ń rán ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń gba èyí tó bá padà, tí ìgbì náà gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5.5, ń rí ilẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, kùrukùru kì í sì í dí i lójú. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ojú ọ̀run rẹ̀ sábà mọ́, àǹfààní yẹn kò tó bí àwọn kan ṣe ń polówó rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ gidi ni pé rédà ń mọ bí ẹ̀ka àti ọwọ́ igi ṣe wà, kódà nígbà tí igi bá ti wọ́wé. Rédà tí ìgbì rẹ̀ gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 24 dára jù fún èyí: àkójọ ọdọọdún rédà PALSAR ti JAXA, àjọ ojú òfuurufú Japan, wà ní mítà 25 lọ́fẹ̀ẹ́, NISAR, tí Amẹ́ríkà àti India jọ ṣe, sì gòkè ní July 2025. Àmọ́ òjò kan tó bá rọ̀ ní àná tó láti mú kí ilẹ̀ tútù dà bí igi lójú rédà, igi tó kúrú jù kì í sì í hàn nínú ìgbì gígùn. Kí a fi rédà ṣe ẹlẹ́rìí kejì fún Sentinel-2, pàápàá fún igi tó ń wọ́wé.

Ti MODIS, kámẹ́rà tó wà lórí sátẹ́láìtì NASA méjì, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Píkísẹ́lì rẹ̀ tó kéré jù jẹ́ mítà 250, èyí tí í ṣe hẹ́kítà 6.25, àwọn sátẹ́láìtì méjèèjì tó gbé e sì ti darúgbó. Ó wúlò láti fi mọ bí òjò ọdún kan ṣe mú ilẹ̀ tutù sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti fi mọ igi.

Ta ni kí ó mú èwo

Fún ẹgbẹ́ darandaran tàbí ọ́fíìsì kékeré tí kò ní owó púpọ̀, kí wọ́n mú Sentinel-2 ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún nínú Google Earth Engine tàbí Digital Earth Africa, níbi tí a ti tún àwọn àwòrán náà ṣe sílẹ̀ tí kò sì sí ìdí láti máa wa fáìlì ńláńlá sórí kọ̀ǹpútà ẹni. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ rárá: Rangeland Analysis Platform ti ṣírò ìdá igi kúkúrú, koríko àti ilẹ̀ lásán lọ́dọọdún láti 1986 ní mítà 30. Olùwádìí tó fẹ́ ìtàn ogójì ọdún yóò mú Landsat, yóò sì fi Corona àti àwòrán olówó gọbọi dí àlàfo. Ẹni tó ń lé igi àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ tó mọ́, dróònù tàbí àwòrán ìdajì mítà ni kí ó wá, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mítà 10 tàn án.

Kí a tó gba máàpù gbọ́

Kí a má ṣe fi ọdún kan wé ọdún kan. Òjò ilẹ̀ gbígbẹ kì í dọ́gba, ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa sì máa ń mú kí igi dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i. Ìpíndọ́gba ọdún mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ọdún mẹ́ta ní ìparí sàn ju ọdún méjì lásán lọ, gbogbo ọdún tó wà láàárín sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú iye òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Lẹ́yìn náà, kí a lọ sórí ilẹ̀. Kí a na okùn ìwọ̀n mítà 50 tàbí 100, kí a sì kọ gígùn ibi tí orí igi gbà lábẹ́ okùn náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ igi kọ̀ọ̀kan àti gíga rẹ̀. Ibi tí a bá wọn fún Landsat yẹ kí ó wà láàárín ilẹ̀ tó rí bákan náà fún ó kéré tán mítà 90 sí mítà 90, kí ìwọ̀nba yíyẹ̀ tí àwòrán máa ń yẹ̀ má bàa mú wa wọn ibì kan kí a sì ka píkísẹ́lì ibòmíràn. Àwọn ibi tí a fi kọ́ ìṣirò kò gbọdọ̀ jẹ́ àwọn ibi tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí máàpù bá sọ ìdá 20 nínú 100 tí okùn sì sọ ìdá 35, okùn ni kí a gbà, kí a wo gíga tí a kọ sílẹ̀ bóyá igi tí kò tó mítà kan ni àwòrán ń fojú fò, kí a sì tún ìṣirò náà ṣe kí a tó fi í han ẹni tó máa tìtorí rẹ̀ gé igi tàbí kó ẹran kúrò.